Omi Etí Òkun àti Ìlera Ọmọ Yín: Bí A Ṣe Ń Yẹ Omi Wò Láti Mọ Ewu Tó Wà Nínú Ìlúwẹ̀ẹ́

Omi òkun lè mọ́ lójú kí ó má mọ́ nínú. Ẹni tó dúró sí etí òkun, tó ń wo ìgbì funfun bí ó ti ń yí lu iyanrìn, kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá omi ìgbọ̀nsẹ̀ ti dà sínú omi náà ní òru àná. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, kì í sì í yí adùn omi padà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń bu omi etí òkun lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n sì ń padà bi àwọn tó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ léèrè, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bóyá àìsàn ṣe wọ́n.

Àlàyé yìí wà fún ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ tí ẹ máa ń mú ọmọ lọ sí etí òkun ní àkókò ìsinmi. Ó tún wà fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá nígbà tí inú bá ń run wọ́n. A fẹ́ sọ ohun tí àyẹ̀wò omi lè fi hàn, ohun tí kò lè fi hàn, àti ìdí tí òǹkà tó tẹ́ àgbàlagbà lọ́rùn fi lè má tó láti dáàbò bo ọmọ kékeré.

Ibo ni ẹ̀gbin ti ń wọ inú òkun?

Ọ̀nà tí ẹ̀gbin fi ń dé inú òkun pọ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a kò sọ di mímọ́ dáadáa lè gba inú páìpù dà sínú òkun. Òjò lè gbá ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran kúrò lórí ilẹ̀, kí ó gba ojú gọ́tà wọ inú ọ̀sà, kí ọ̀sà sì gbé e dé òkun. Ṣáláńgá tí a gbẹ́ sí bèbè omi lè máa jò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ pàápàá a máa fi tiwọn kún un, ní pàtàkì ọmọ kékeré tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe.

Ní etí òkun tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ìlú ńlá sábà máa ń wà níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Ọ̀sà Èkó ń ṣàn jáde sí òkun Àtìláńtíìkì. Adágún Nokoué ń gba inú ìlú Cotonou kọjá lọ sí òkun kan náà. Ọ̀sà Korle sì ń kó omi gọ́tà Accra lọ síbẹ̀. Ohun tí a bá dà sí ojú gọ́tà ní àárín ìlú kò parẹ́. Ó wà lọ́nà etí òkun.

Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni a ti lè rí kòkòrò norovirus àti rotavirus, tí wọ́n ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Shigella, tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àti kòkòrò tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ ti oríṣi A. Yàtọ̀ sí àìsàn inú, omi tó dọ̀tí tún lè fa etí dídùn, ojú pípọ́n, ara yíyún, àti kí egbò tó wà lára máa ṣọyún.

Kí ni ilé àyẹ̀wò ń wá nínú omi náà?

Ẹ lè rò pé ilé àyẹ̀wò máa ń wá gbogbo kòkòrò àrùn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi wọn pọ̀, àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ́n, wọn kì í sì í wà nínú omi lójoojúmọ́. Ohun tí ilé àyẹ̀wò ń ṣe ni pé ó ń wá àmì kan tó fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ inú omi. Ẹni tó bá rí ìgbẹ́ èkúté nínú àká rẹ̀ kò ní láti rí èkúté náà kí ó tó mọ̀ pé àgbàdo òun wà nínú ewu.

Fún omi òkun, àmì tí a ń lò jù lọ ni àwọn bakitéríà kan tí a ń pè ní enterococci. Inú ìfun ènìyàn àti ti ẹran ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń pẹ́ nínú omi iyọ̀ ju E. coli lọ. Fún omi tí kò níyọ̀, bí odò àti adágún, a lè lo enterococci tàbí E. coli. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í sábà jẹ́ enterococci fúnra rẹ̀ ni ó ń da inú ọmọ rú. Ó kàn ń jẹ́rìí pé ohun tó lè da inú rú ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá.

Báwo ni a ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò?

Iṣẹ́ yìí dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n àìkíyèsára díẹ̀ lè ba èsì rẹ̀ jẹ́. Ìgò tí a ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ni a ń lò. Ẹni tó ń bu omi yóò rìn wọ inú òkun títí omi yóò fi dé orúnkún tàbí ìbàdí rẹ̀, yóò ri ìgò sí ìsàlẹ̀ ojú omi, yóò sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ìdọ̀tí ara òun fúnra rẹ̀ má baà wọ inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan inú ìgò tàbí inú ìdérí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìgò sínú àpótí oníyìnyín, nítorí pé kòkòrò lè pọ̀ sí i tàbí kí ó kú bí omi bá gbóná. Ó yẹ kí omi náà dé ilé àyẹ̀wò láàárín wákàtí 6.

Kí ó tó kúrò níbẹ̀, yóò kọ àkókò tí ó bu omi sílẹ̀, ibi tí ó ti bù ú, bóyá òjò rọ̀ lánàá, bóyá òkun ń kún tàbí ó ń fà, àti iye ènìyàn tó wà nínú omi. Gbogbo èyí ṣe pàtàkì. Oòrùn a máa pa ọ̀pọ̀ bakitéríà, nítorí náà omi tí a bù ní òwúrọ̀ lè ní òǹkà tó ga ju èyí tí a bù ní ibì kan náà ní ọ̀sán lọ.

Ní ilé àyẹ̀wò, a óò sẹ́ mìlílítà 100 nínú omi náà gba inú asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè kọjá. A óò gbé asẹ́ náà sórí oúnjẹ bakitéríà nínú àwo pẹlẹbẹ, a óò sì fi í sínú ẹ̀rọ tó ń mú ooru dúró ní ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 24. Bakitéríà kọ̀ọ̀kan tó wà láàyè yóò bí sí i títí yóò fi di ìdì kékeré tí ojú lè rí, tí àwọ̀ búlúù yóò sì yí i ká. Àwọn ìdì wọ̀nyí ni a ń kà. Bí a bá sọ pé enterococci 35 wà nínú mìlílítà 100, ohun tí a ń sọ ni pé a ka ìdì 35 nínú omi tó tó ìdajì ife kékeré.

Báwo ni a ṣe mọ iye tó léwu?

Kíka kòkòrò nìkan kò tó. Ta ni ó sọ pé 35 dára, tí 500 sì burú? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a ní láti so ìṣirò méjì pọ̀: iye àmì tó wà nínú omi, àti iye àwọn tí àìsàn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà. Ohun tí àwọn olùwádìí ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún nìyí.

Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Victor Cabelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní etí òkun New York àti Boston, àti ní adágún Pontchartrain ní Louisiana. Wọ́n fi àwọn tó ri orí wọn bọ omi wé àwọn tó jókòó sórí iyanrìn. Nínú gbogbo àmì tí wọ́n wọ̀n, enterococci ni ó bá àìsàn inú rìn jù lọ: bí òǹkà rẹ̀ ti ń ga sí i ni iye àwọn tí inú ń run ń pọ̀ sí i. Wọ́n tún ṣe ìwádìí ní ìlú Alexandria ní Íjíbítì, níbi tí àìsàn inú ti mú àwọn àlejò tó wá lúwẹ̀ẹ́ ju àwọn onílé lọ. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbàlejò ọmọ láti ìlú òkè tàbí láti ilẹ̀ òkèèrè ní ìgbà ìsinmi. Pé omi kan kò ṣe ọmọ àdúgbò ní ohunkóhun kò fi hàn pé kò ní ṣe àlejò.

Ìwádìí mìíràn tí ó tóbi wáyé ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2003. Àjọ tó ń dáàbò bo àyíká níbẹ̀, EPA, àti àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn, CDC, ni wọ́n jọ ṣe é. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ni NEEAR. Ìwádìí náà kọ́kọ́ wáyé ní etí omi 4 lórí adágún Michigan àti adágún Erie, tí omi wọn kò níyọ̀, kí ó tó kan etí òkun. Ìlànà rẹ̀ tọ́ kí ẹ mọ̀, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí a lè gbẹ́kẹ̀ lé èsì rẹ̀:

- Àwọn olùwádìí ń bá ìdílé pàdé ní etí omi. Wọ́n ń béèrè ẹni tó wọ omi, ẹni tó ri orí bọ̀ ọ́, ẹni tó gbé omi mì, àti ẹni tí kò wọ omi rárá.
- Wọ́n ń béèrè àwọn nǹkan mìíràn tó lè fa àìsàn inú: oúnjẹ tí wọ́n jẹ, bóyá ara ẹnì kan kò ti yá tẹ́lẹ̀, bóyá wọ́n fọwọ́ kan ẹran.
- Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n ń bu omi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: aago 8 àti aago 11 àárọ̀, àti aago 3 ọ̀sán, níbi tí omi kò jìn àti níbi tí ó dé ìbàdí.
- Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 12, wọ́n ń pe ìdílé náà lórí tẹlifóònù láti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣu gbuuru, ó bì, tàbí inú run ún.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò wọ omi? Nítorí pé inú lè run ènìyàn láìjẹ́ pé ó wọ omi. Bí inú bá run ènìyàn 30 nínú 1,000 tó jókòó sórí iyanrìn, tó sì run 60 nínú 1,000 tó lúwẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé 30 péré ni a lè ka sí omi lọ́rùn. Àpẹẹrẹ ìṣirò ni èyí, kì í ṣe èsì ìwádìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìwádìí tí kò bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó yóò di gbogbo ẹ̀bi ru omi.

Ọmọ kékeré kò sí nínú gbogbo òǹkà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin alágbàtọ́ jù lọ la dé yìí.

Láàárín ọdún 1989 sí 1992, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ṣe ìwádìí kan ní etí òkun 4, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1994. Àgbàlagbà 1,216 tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n lò. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wọ òkun fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì ri orí wọn bọ omi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Àwọn yòókù kò wọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ ni pé bí àmì ìgbẹ́ bá ti kọjá 32 nínú mìlílítà 100, àìsàn inú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láàárín àwọn tó wọ omi.

Orí irú ìwádìí yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2003 kà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ọmọdé kankan nínú wọn. Kò bójú mu kí a ṣẹ́ kèké lórí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni kí a tó tì í sínú omi tó lè dọ̀tí. Òtítọ́ ni òǹkà náà sọ, ṣùgbọ́n nípa àgbàlagbà tí ara wọn le ni ó ń sọ ọ́. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ewu lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, fún arúgbó àti fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti gbógun ti àrùn.

Ìwádìí NEEAR ni ó gba àwọn ọmọdé sínú ìṣirò, nítorí pé kò ti ẹnikẹ́ni sínú omi. Ó kàn tẹ̀lé àwọn ìdílé tí wọ́n ti lọ fúnra wọn. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lé ní 20,000 ní etí àwọn adágún náà, ó hàn pé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 10 lọ ni àmì inú omi náà kàn jù lọ.

Kí ló fà á? Ìdí kan ni pé ọmọdé máa ń pẹ́ nínú omi, ó máa ń ri orí bọ omi, ó sì máa ń gbé e mì. Nínú ìwádìí kékeré kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, a wọn iye omi tí àwọn òmùwẹ̀ gbé mì ní odò ìwẹ̀ àtọwọ́dá láàárín ìṣẹ́jú 45. Àgbàlagbà gbé nǹkan bí mìlílítà 16 mì. Àwọn ọmọdé gbé nǹkan bí 37. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí enterococci 100 bá wà nínú mìlílítà 100 omi, àgbàlagbà yóò gbé nǹkan bí 16 mì, ọmọ yóò gbé 37 mì. Ara ọmọ sì kéré, ara rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀pọ̀ àrùn, bí ó bá sì ń ṣu gbuuru, omi tètè máa ń gbẹ nínú ara rẹ̀. Etí òkun kan náà ni, ṣùgbọ́n ewu wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn òǹkà tí ẹ lè rí?

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2003 pín omi òkun sí ipele 4. Kì í ṣe omi ọjọ́ kan ni a fi ń pín in, bí kò ṣe ọ̀pọ̀ omi tí a bù ní ìgbà púpọ̀. Òǹkà tí a ń lò ni èyí tí 95 nínú 100 omi àyẹ̀wò kò kọjá.

- Ipele A, 40 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀: àìsàn inú lè mú ẹni tí kò tó 1 nínú àgbàlagbà 100 tó lúwẹ̀ẹ́.
- Ipele B, 41 sí 200: ó lè mú ẹni 1 sí 5 nínú 100.
- Ipele D, ìyẹn ẹ̀kẹta, 201 sí 500: ó lè mú ẹni 5 sí 10 nínú 100.
- Ipele E, ìyẹn ẹ̀kẹrin, tó ju 500 lọ: ó lè mú ju ẹni 10 lọ nínú 100.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, C àti D ni wọ́n ń pe méjì ìkẹyìn. A tẹ̀lé ètò ábídí tiwa níhìn-ín.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí EPA gbé jáde ní ọdún 2012 sọ pé ìpíndọ́gba enterococci kò gbọdọ̀ kọjá 35 nínú mìlílítà 100, àti pé omi àyẹ̀wò tó bá kọjá 130 kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Àjọ náà ṣírò pé bí omi bá wà ní ìwọ̀n yẹn, àìsàn inú lè mú nǹkan bí òmùwẹ̀ 36 nínú 1,000. Nínú ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1986, iye tí wọ́n kọ fún òkun jẹ́ 19 nínú 1,000. Omi kọ́ ni ó dọ̀tí sí i. Ìtumọ̀ àìsàn ni ó fẹ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, a kì í ka ìgbẹ́ gbuuru mọ́ ọn bí kò bá sí ibà tàbí bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà fi ní láti dùbúlẹ̀ sílé tàbí kí ó lọ rí dókítà. Nígbà tó yá, a rí i pé ọ̀pọ̀ àìsàn inú tí fáírọ́ọ̀sì ń fà kì í mú ibà lọ́wọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀: bí ẹ bá ṣe túmọ̀ àìsàn ni iye aláìsàn yín yóò ṣe rí.

Bí a bá kọ ọ́ sórí pátákó pé omi dára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ewu kò pọ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ewu.

Ohun tí àyẹ̀wò omi kò lè sọ fún yín

Èkíní, èsì rẹ̀ máa ń pẹ́. Nígbà tí wákàtí 24 bá fi pé, omi tí a bù lánàá ti ṣàn lọ, àwọn ọmọ sì ti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni ìwádìí NEEAR ṣe dán ọ̀nà mìíràn wò, tó ń ka DNA kòkòrò ní nǹkan bí wákàtí 3. Ọ̀nà náà yá, ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, ó sì ń ka kòkòrò tó ti kú mọ́ èyí tó wà láàyè.

Èkejì, ní ilẹ̀ olóoru, enterococci lè máa gbé inú ilẹ̀ àti iyanrìn láìjẹ́ pé ìgbẹ́ tuntun wọ ibẹ̀. A ti rí èyí ní erékùṣù Hawaii. Nítorí náà, ilé àyẹ̀wò nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹnì kan rìn yí etí òkun ká, kí ó wo ibi tí gọ́tà, páìpù àti ṣáláńgá wà.

Ẹ̀kẹta, kò sọ nípa àtọ̀sí ajá. Inú omi tí kò níyọ̀ ni ìgbín tó ń tan àrùn náà ń gbé. Odò tàbí adágún lè ní òǹkà E. coli tó kéré, kí àtọ̀sí ajá sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kò sọ nípa agbára ìgbì. Omi tó mọ́ lè gbé ọmọ lọ. Ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ nínú òkun láìsí àgbàlagbà nítòsí rẹ̀.

Kí ni ẹ̀yin alágbàtọ́ lè ṣe?

Ní ọ̀pọ̀ etí òkun, ẹ kò ní rí pátákó kankan tí a kọ òǹkà sí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò dá a rò.

- Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ dúró ná. Ní California, àwọn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti má ṣe wọ òkun fún ọjọ́ 3 lẹ́yìn òjò. Ìmọ̀ràn náà wúlò níbi gbogbo tí gọ́tà bá ti ń ṣàn wọ òkun.
- Ẹ jìnnà sí ẹnu gọ́tà, ẹnu páìpù, àti ibi tí ọ̀sà ti ń dà sínú òkun.
- Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣeré nínú adágún kékeré tí omi dúró sí lórí iyanrìn. Omi ibẹ̀ kì í ṣàn, ó lè jẹ́ omi gọ́tà.
- Ẹ kọ́ ọmọ kí ó má gbé omi òkun mì. Ẹ kò lè ṣọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n ẹ lè dín àkókò tí ó fi ń wà nínú omi kù.
- Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun, kí ẹ sì wẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá délé.
- Bí egbò bá wà lára ọmọ, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, kí ó jókòó sórí iyanrìn lọ́jọ́ náà.
- Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹ ń dáàbò bo ọmọ ẹlòmíràn nípa bẹ́ẹ̀.

Bí inú ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í run lẹ́yìn tí ẹ ti etí òkun dé, ẹ tètè fún un ní omi ORS, kí ẹ pò ó bí a ṣe kọ ọ́ sára àpò rẹ̀, pẹ̀lú omi tó mọ́. Ẹ máa fún un lómu lọ bí ó bá ṣì ń mu ọmú, kí ẹ sì máa fún un ní oúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ojú tó jìn wọ inú, ìtọ̀ tó dá dúró, ọmọ tí kò lè mu ohunkóhun tàbí tí ń bì gbogbo ohun tó bá mu, gìrì, tàbí ọmọ tí kò ta pútú mọ́.

Kí ni ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe?

Ẹ fi ìbéèrè kan kún àwọn tí ẹ máa ń béèrè: "Ǹjẹ́ ọmọ yìí wọ òkun, ọ̀sà tàbí odò láìpẹ́ yìí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tí ó wọ̀ ọ́, bóyá ó ri orí bọ omi, bóyá òjò ti rọ̀, àti bóyá inú ń run àwọn tí wọ́n jọ lọ. Ẹ béèrè nípa oúnjẹ àti omi mímu pẹ̀lú, nítorí pé etí òkun kọ́ ni ó ń fa gbogbo ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ rántí pé àrùn kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Norovirus sábà máa ń yọjú láàárín wákàtí 12 sí 48. Cryptosporidium lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 1. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè gbà ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, àrùn ẹ̀dọ̀ ti oríṣi A sì lè tó ọjọ́ 15 sí 50. Ìyá ọmọ lè ti gbàgbé ọjọ́ etí òkun kí àmì àrùn tó hàn; ẹ̀yin ni ẹ óò rán an létí.

Yàtọ̀ sí ORS, ẹ fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14: mìlígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti tó oṣù 6, àti 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń ṣu omi gbuuru bí omi ìrẹsì, tí omi ń yára gbẹ nínú ara rẹ̀, ẹ fura sí àrùn onígbáméjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ̀gá ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín létí ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ọmọ 3 tàbí 4 bá ti etí omi kan náà dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú àìsàn kan náà, àkọsílẹ̀ yín ti di ẹ̀rí. Ẹ fi rán sí àwọn tó ń rí sí ìmọ́tótó àyíká, kí wọ́n lè lọ bu omi ibẹ̀, kí wọ́n sì wá ibi tí ẹ̀gbin ti ń wọlé. Ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ aláìsàn ni ìdajì iṣẹ́ tí Cabelli àti àwọn olùwádìí NEEAR ṣe. Ìgò omi ni ìdajì yòókù. Ibi tí kò bá sí ẹni tó ń bu omi, ìwé yín lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún ìlú pé omi etí òkun wọn kò dára fún àwọn ọmọ wọn.